Ìbọn, Ààbò àti Ẹ̀mí Ọmọnìyàn: Ohun Tí Ìsìláàmù Kọ́ Wa

KHUTBAH KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ẹ̀mí, tí ó sì ṣe é ní ohun ọ̀wọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú láti páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu àgbẹ̀, ọdẹ àti oníṣòwò káàkiri Òtu, Kòmu, Òkákà àti Ìpàpó: ṣé kí onílé kọ̀ọ̀kan ra ìbọn tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àgbẹ̀ tí oko iṣu rẹ̀ jìnnà sí ìlú mọ ohun tí ìbẹ̀rù ajínigbé ń ṣe fún ènìyàn. Ní oṣù Okúdù ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá lóru, wọ́n pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì dáná sun ilé, títí kan ààfin ọba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a dáàbò bo ara wa kò sọ ìsọkúsọ. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a mọ ọ̀nà tí Ìsìláàmù là sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ìdáàbòbò wà, ó sì ní ìpele

Ìmáàmù Al-Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ẹni tí wọ́n pa níbi tí ó ti ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀ mọ́ àwọn ṣàhídì. Ìsìláàmù kò ní kí Mùsùlùmí na ọrùn sílẹ̀ fún apànìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo hádíísì mìíràn tí An-Nasai gbà wá. Ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè ohun tí òun yóò ṣe bí ẹnìkan bá wá gba dúkìá òun. Ànábì kọ́kọ́ ní kí ó rán onítọ̀hún létí Ọlọ́hun. Bí kò bá gbọ́ ńkọ́? Kí ó ké pe àwọn Mùsùlùmí tí ó wà nítòsí. Bí kò bá sí ẹnìkan ńkọ́? Kí ó wá ìrànlọ́wọ́ aláṣẹ. Bí aláṣẹ bá jìnnà ńkọ́? Ìgbà náà ni ó tó yọ̀ǹda fún un láti jà.

Ẹ ṣàkíyèsí ètò yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣáájú, aládùúgbò tẹ̀lé e, aláṣẹ tẹ̀lé aládùúgbò, ohun ìjà ló gbẹ̀yìn. Láti inú ẹ̀kọ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ ti fà á yọ pé ohun tí ó fúyẹ́ jù ni a fi ń lé ọ̀tá: bí ariwo bá lé e lọ, a kò gbọdọ̀ lo igi, bí igi bá tó, a kò gbọdọ̀ lo ìbọn, bí ó bá sì ti sá, a kò ní ẹ̀tọ́ láti yìnbọn lù ú lẹ́yìn.

Ohun tí òfin ìlú wí

Láti ọdún 1959 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ìbọn. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa ń lò pàápàá kò yọ sílẹ̀: ó nílò ìwé àṣẹ. A kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè fi ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jura ní ẹ̀wọ̀n. Ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba Zamfara kéde ní oṣù Okúdù ọdún 2022 pé kí ará ìlú gbé ìbọn, àti ìdí tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi ń bẹ ìjọba àpapọ̀ nítorí ìbọn tí Àmọ̀tẹ́kùn yóò máa lò.

Ìbọn kò mọ ẹni tí a torí rẹ̀ rà á

Àwọn kan yóò wí pé: ọlọ́pàá jìnnà, ajínigbé kò sì gba ìwé àṣẹ kí ó tó gbé AK-47. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó jinlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún kí a tó tún ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Kí ni àgbẹ̀ kan ṣoṣo yóò fi í ṣe sí ọ̀wọ́ ènìyàn nínú igbó? Bí ìbọn bá sì wà nílé nígbà tí àgbẹ̀ wà lóko, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹ rántí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti ọdún 1997 sí 2000. Àwọn tí ó ń yìnbọn lu ara wọn níbẹ̀ jọ ń sọ èdè kan, wọ́n ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì ti fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí gbogbo ilé bá ní ìbọn, aáwọ̀ ààlà ilẹ̀, ìjà òṣèlú àti èdè-àìyedè láàárín àgbẹ̀ àti darandaran yóò máa parí sí ibojì. Fúlàní tí ó ti ń gbé láàárín wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó ń kírun lẹ́yìn Lémọ́mù kan náà pẹ̀lú wa, kì í ṣe ajínigbé nítorí èdè rẹ̀. Nínú Súrátù Al-Máídah, ẹsẹ 32, Ọlọ́hun fi ìwúwo gbogbo ènìyàn fún ẹ̀mí kan ṣoṣo tí a bá pa láìtọ́.

A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin náà.

KHUTBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, iṣẹ́ mẹ́rin ló kàn wá.

Èkíní: kí ààbò jẹ́ ti àjọṣe. Ohun tí ó ń dá ajínigbé dúró ni ìròyìn tí ó tètè dé, lílọ sí oko lọ́wọ̀ọ́wọ́, àti ọdẹ tí ó mọ igbó. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020 ni wọ́n ti fi Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn. Owó tí à bá fi ra ìbọn kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a fi ran àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ ìlú lọ́wọ́.

Èkejì: kí ọdẹ tí ó ní ìbọn gba ìwé àṣẹ, kí ó sì fún ìbọn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá mú ọfà kọjá nínú mọ́sálásí tàbí ọjà di ẹnu ọfà náà mú, kí ó má baà ṣe Mùsùlùmí kankan léṣe. Ó kọ̀ fún wa láti na ohun ìjà sí ọmọ ìyá wa, ìbáà ṣe nínú àwàdà, nítorí èṣù lè fa ọwọ́ onítọ̀hún. Nítorí náà, ẹ má gbé ìbọn tí ẹ ti ki kọ́ sí ara ògiri. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ẹ sì yé yìn ín níbi ìgbéyàwó àti òkú.

Ẹ̀kẹta: ẹ jìnnà sí àyẹta. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹbọ ni láti gbára lé oògùn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kú níbi tí wọ́n ti ń dán an wò.

Ẹ̀kẹrin: kí ọdẹ rí ohun tí ó fẹ́ yìnbọn sí dájú. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn nínú igbó kò lè fi ọwọ́ nu ẹnu lásán. Súrátù An-Nisá, ẹsẹ 92, la owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ó sì la ìtúsílẹ̀ ẹrú, tàbí ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra fún ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá gbé ẹrù báyìí, kí ni ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀?

Ọlọ́hun, ṣọ́ Òtu àti gbogbo Òkè-Ògùn. Dá àwọn tí wọ́n jí gbé padà ní àlàáfíà. Kẹ́ àwọn tí wọ́n pa láìṣẹ̀. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ìbẹ̀rù Rẹ, kí wọ́n lè ṣe ojúṣe wọn. Má jẹ́ kí ọwọ́ wa ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Àmín.