Kí Ẹ Tó Fowó Ra Ẹ̀rọ Tó Ṣe Ipò Kìíní

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi mọ́. Lónìí, ẹnìkan nínú yín á fi àtòkọ ẹ̀rọ AI mẹ́wàá tó dára jù ránṣẹ́. Lọ́la, ẹlòmíràn á fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tó ṣe ipò kìíní lánàá á sì ti di ìkẹfà. Ẹ ó wá bi mí pé èwo ni kí ẹ máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. N kò ní dárúkọ kankan fún yín. Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti mákì ìwé ìdánwò tó pọ̀ jù èyí tí ojú mi fẹ́ rántí, mo sì mọ̀ pé máàkì kì í jábọ́ láti ọ̀run. Ẹnìkan ló ń jókòó ṣètò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ti àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ là yé yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àtòkọ náà kà.

Àwọn kan ń fún ẹ̀rọ ní ìdánwò bíi ti ilé ìwé. Àwọn kan ní kí ará ìlú dìbò. Àwọn kan ń ka iye ènìyàn tó ń lò ó. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé owó tó ń wọlé fún wọn nìkan ni wọ́n ń kà. Gbogbo wọn ló ń kọ “èyí tó dára jù” sókè àtòkọ wọn. Ẹ̀rọ kan náà lè ṣe ipò kejì níbì kan, kí a má rí i rárá níbòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́.

2. Bó bá jẹ́ ìdánwò ni, ẹ wádìí ìwé ìbéèrè.

Ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ gbalẹ̀ gan-an ni MMLU, tí Dan Hendrycks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020. Ìbéèrè bíi 16,000 ló wà nínú rẹ̀, lórí ẹ̀kọ́ 57, láti ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òfin àti ìṣègùn. Ìdáhùn mẹ́rin wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, A dé D, kí ẹ̀rọ mú ọ̀kan, gẹ́lẹ́ bíi ti JAMB. Ẹni tó bá di ojú mú èyí tó wù ú, á gba bíi 25 nínú 100. GPT-3 ti ilé iṣẹ́ OpenAI gba bíi 44. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 2023, GPT-4 ti gba 86.4. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ti kóra jọ sókè, tí ohun tó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni karùn-ún fi di bíńtín.

Ní 2024, àwọn olùwádìí kan tí àwọn ará Yunifásítì Edinburgh ṣáájú wọn tún ìwé ìbéèrè náà kà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bíi 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ló ní àléébù. Nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lórí ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, àwọn tó ní àléébù ju ìdajì lọ: òmíràn, ìdáhùn tí wọ́n fàmì sí kì í ṣe òótọ́, òmíràn, ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò yéni. Ẹni tó bá ti mákì ìwé rí á mọ ohun tí èyí já sí. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé ìdáhùn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 92 lè má mọ̀wé ju ẹni tó gba 90 lọ. Ó lè jẹ́ àṣìṣe olùkọ́ ló bá a mu.

Ọ̀ràn expo tún wá burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòun tìdáhùn wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà sì ni ẹ̀rọ ti ń kàwé. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá jí ìwé ìdánwò kí ẹ̀rọ tó ti rí i ṣáájú. OpenAI kó ìbéèrè ìṣirò bíi 8,500 jọ ní 2021, wọ́n pè é ní GSM8K. Nígbà tó di 2024, ilé iṣẹ́ Scale AI ní kí àwọn ènìyàn jókòó kọ tuntun tó jọ ọ́, bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì fi í pamọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan tó ń ta yọ nínú ti àtijọ́ já wálẹ̀ nínú ti tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè pátápátá kò fi bẹ́ẹ̀ já, torí náà ẹ má pe gbogbo wọn ní olè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì ni pé: ṣé ìbéèrè tó fara pamọ́ ni, àbí èyí tí gbogbo ayé ti rí?

3. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń mákì ẹ̀rọ, ẹ rọra.

Ènìyàn ń gbowó kó tó mákì, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ AI mìíràn. AlpacaEval jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan kọ́ “ẹ̀rọ” kan tí kì í ka ìbéèrè rárá. Ohunkóhun tí ẹ bá bi í, ìdáhùn kan ṣoṣo náà ni á fún yín, ọ̀rọ̀ rádaràda tí wọ́n tò lọ́nà tí yóò fi dàrú mọ́ adájọ́ lójú. Máàkì tí ó gba lórí AlpacaEval lé ní 86 nínú 100. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A ní irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà tiwa náà, ṣùgbọ́n wọn kì í gba 86.

4. Bó bá jẹ́ ìbò ni, ẹ wo ẹni tó dì í, kí ẹ sì mọ ìṣirò rẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú onírú èyí ni Chatbot Arena, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí ní Yunifásítì California ní Berkeley dá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023. Ó di ilé iṣẹ́ ní 2025, LMArena ni wọ́n sì pè é nígbà náà. Ẹ ó kọ ìbéèrè yín síbẹ̀, ẹ̀rọ méjì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ẹ mọ orúkọ wọn, ẹ ó sì dìbò fún èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn. Lẹ́yìn ìbò ni orúkọ á tó hàn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí. Ẹni tí kò mọ orúkọ kò lè ṣègbè.

Ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ lò wá láti ìdí ṣẹ́ẹ̀sì. Arpad Elo, ọmọ bíbí Hungary tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ fisíìsì ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé sì gbà á ní 1970. Bí ẹnìkan bá na ẹni tó jù ú lọ, máàkì rẹ̀ á fò sókè. Bó bá na ẹni tí kò tó o, kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ìṣirò mìíràn tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Ẹ wá fetí sí ibi tó ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tó bá fi máàkì 100 ju ìkejì rẹ̀ lọ, ìgbà 64 ni a retí pé kó borí nínú 100. Bó bá jẹ́ 20 ló fi jù ú, ìgbà 53 péré ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹnì kìíní pẹ̀lú 1,400 tí ẹni kẹfà ní 1,380, kí ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá lo àwọn méjèèjì fún oṣù kan, ẹ lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nọ́ńbà kékeré kan tún máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì náà tó ń sọ ibi tí ó lè ṣìnà dé, sókè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn tó ń pín àtòkọ lórí WhatsApp máa ń gé e kúrò.

Ta ló wá ń dìbò? Ẹni tó bá ṣí ojú òpó náà ni. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági kò sí níbẹ̀. Àwọn tó sì ń dìbò, ọ̀pọ̀ wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ìdáhùn. Èyí tó gùn, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ, tí ọ̀rọ̀ kan dúdú níhìn-ín tí òmíràn dúdú lọ́hùn-ún, ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Àwọn tó ni Arena fúnra wọn rí i, ní oṣù kẹjọ 2024 wọ́n gbé ìṣirò kan jáde tó ń yọ ipa gígùn àti ọ̀ṣọ́ kúrò. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ GPT-4o mini já wálẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Claude 3.5 Sonnet gòkè. Ìbò kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejèèjì o.

5. Ẹ ṣọ́ ẹ̀rọ tó fi aṣọ ọdún lọ síbi ìdíje.

Ní oṣù kẹrin 2025, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé ẹ̀rọ Llama 4 jáde, wọ́n sì fọ́nnu pé ọ̀kan nínú rẹ̀, Maverick, ti gba 1,417 lórí Arena. Ipò kejì nìyẹn. Àwọn tó ka ìwé kíníkíní rí i pé èyí tó lọ du ipò kọ́ ni wọ́n gbé síta fún aráyé. Àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe kó lè dùn ún bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ gùn, ó sì ń fi àwòrán kéékèèké ẹlẹ́rìn-ín há ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín. LMArena sọ pé ohun tí àwọn ń retí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn, wọ́n sì tún òfin wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò gan-an sórí àtòkọ, ìsàlẹ̀ ipò ọgbọ̀n ló bọ́ sí.

Kí oṣù náà tó parí, ìwé ìwádìí kan jáde tó ní Meta ti dán oríṣi 27 wò ní ìkọ̀kọ̀ lórí Arena kí Llama 4 tó jáde. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò nígbà 27, tó jẹ́ pé èyí tó dára jù nìkan lẹ fi han bàbá yín, ẹ ó di ọlọ́gbọ́n lójú rẹ̀. LMArena ta kò ó, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú ìwé náà. Ẹ má sì gbàgbé pé lára àwọn tó kọ ọ́ ni àwọn ará Cohere, tí àwọn náà ń kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n sì wà lórí àtòkọ kan náà. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹlẹ́rìí tó ní ilẹ̀ nídìí ẹjọ́, a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó kàn mọ ibi tó dúró sí ni.

6. Èrò púpọ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ dára.

Ilé iṣẹ́ olówó a16z ní Amẹ́ríkà máa ń to ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ AI tí ará ìlú ń lò jù: 50 lórí ìkànnì, 50 lórí fóònù. Iye ènìyàn tó wọlé lóṣù ni wọ́n ń kà, wọn kò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di “èyí tó dára jù”. a16z kan náà ti fi owó sínú àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ tó wà lórí àtòkọ náà, ó sì wà lára àwọn tó fi owó ńlá dá LMArena lókòwò ní 2025.

7. Alágbàtà ló kọ ọ̀pọ̀ “mẹ́wàá tó dára jù”.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Òǹkọ̀wé á gba líǹkì tó ní àmì tirẹ̀ nínú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì sanwó, ìpín tirẹ̀ á wọlé. Àwọn kan ń gba ìpín yẹn lóṣooṣù níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń san. Èyí tó ń san kọ́míṣọ̀n tó pọ̀ jù lè gòkè, èyí tó lọ́fẹ̀ẹ́ tí kì í san kọ́míṣọ̀n sì lè pòórá. Ní 2020, àjọ FTC, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mú ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LendEDU, tó ń to àwọn tó ń yáni lówó nípò. Wọ́n ń sọ fáráyé pé kò sí ẹni tó lè fowó ra ipò, bẹ́ẹ̀ títà ni wọ́n ń tà á, àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn sì ló kọ ọ̀pọ̀ nínú ìyìn tí wọ́n ń gbà. $350,000 ni wọ́n san. Ti AI kò yàtọ̀ sí i, ọjà tí wọ́n ń tà ló yí padà. Ẹ máa yí lọ sísàlẹ̀ ojú ewé, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, ẹ lè rí i níbẹ̀ pé “a lè gba kọ́míṣọ̀n”. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi náírà wá dọ́là kí ẹ tó lè san nǹkan wọ̀nyí, ẹ ní ìdí láti kà á ju ẹnikẹ́ni lọ.

8. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, tí wọn kò bá ti sọ òmíràn. Ẹ̀rọ tó ṣe ipò kìíní nínú rẹ̀ lè máa ta gìẹ̀gìẹ̀ ní Yorùbá. Ní 2024, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ Masakhane gbé IrokoBench jáde, ìdánwò tí àwọn tó gbọ́ èdè túmọ̀ fúnra wọn sí èdè Áfíríkà tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Yorùbá wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìṣirò, ìmọ̀ gbogboogbò, àti ìbéèrè bóyá gbólóhùn kan tako èkejì dán ẹ̀rọ wò. Ọ̀gbun tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè wa jìn. Àwọn ẹ̀rọ kan ṣe dáadáa sí i nígbà tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ yí ìbéèrè náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ Yorùbá, irú ìdánwò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

9. Ẹ ṣe ìdánwò tiyín.

A kì í fi ojú olójú ṣòwò jèrè. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹ ti ṣe tán, tí ẹ sì mọ ìdáhùn wọn: lẹ́tà sí oníbàárà, ìṣirò owó ọjà, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ fún kíláàsì, ohun yòówù tí ẹ ń jẹun nídìí rẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹ kò tíì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ fún ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín da àwọn ìdáhùn pọ̀ láìkọ orúkọ sí wọn, kí ẹ wá mákì. Òótọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní máàkì, kí ẹ tó wo ẹwà. Kí ẹ kọ ọjọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí àwọn tó ni ẹ̀rọ máa ń yí i padà lábẹ́ orúkọ kan náà. Àtòkọ pàápàá ń kú: ilé iṣẹ́ Hugging Face ní ọ̀kan tí gbogbo àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI máa ń sáré wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ló kọjá lórí rẹ̀, ní oṣù kẹta 2025 wọ́n tì í pa. Ìdánwò inú rẹ̀ ti gbó, ni wọ́n wí.