BÍ A TI Ń DÁ EWÉKO MỌ̀ NÍPA ÒDÒDÓ RẸ̀
Ẹ̀kọ́ láti oko àti ọgbà Ìdèrè

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ìdèrè, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti gbin ẹ̀gúsí, kì í pẹ́ tí oko fi máa ń kún fún òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Àwọn kan nínú àwọn òpìtàn tilẹ̀ sọ pé lára ẹ̀gúsí bàrà ni orúkọ Ìbàràpá ti wá, nítorí pé òun ni àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ìbàdàn fi mọ ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ ewéko ni ìlú méjèèje Ìbàràpá ń jẹ́, Ìdèrè sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀, bí a bá bi ẹni tí ó ti ń gbin ẹ̀gúsí láti ìgbà èwe rẹ̀ pé ewé mélòó ni ó wà lára òdòdó rẹ̀, èwo ni yóò di èso, èwo ni yóò sì rẹ̀ dànù, ó lè ṣòro fún un láti dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Lójoojúmọ́ ni ojú ń rí òdòdó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ojú ń wò ó.

Ìwòye yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹni tí ó ń já ewé fún àgbo, ẹni tí ó ń wa iṣu inú igbó jẹ, àti ẹni tí ó ń gbin igi yí ilé ká, gbogbo wọn ni ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ọwọ́ wọn dì mú. Ará Ìdèrè kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn pé ohun tí ojú kò kà sí lè dá àgbẹ̀ dúró lóko. Sòbìà ti fi èyí hàn wọ́n ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, títí wọ́n fi kọ́ láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Bí a ti fi ìfara-balẹ̀ wo omi, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a wo ewéko.

ÌDÍ TÍ EWÉ NÌKAN KÒ FI TÓ

Ewé lásán a máa tan ènìyàn jẹ. Ewé igi kan náà lè fẹ̀ lábẹ́ ibòòji, kí ó sì kéré nínú oòrùn. Èyí tí ó wà lára igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lè má jọ ti igi tí ó ti gbó. Orúkọ pẹ̀lú a máa tan ni, nítorí pé ohun tí àwọn kan ń pè ní làpálàpá ni àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tújẹ̀. Òdòdó kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ lọ́ràá, bí òjò kò tilẹ̀ pọ̀, iye ewé òdòdó àti ìṣètò ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀. Ohun tí Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Sweden, dì mú nìyẹn. Ó fi iye àti ìṣètò àwọn ohun inú òdòdó pín ewéko sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1753 nínú èyí tí ó fi orúkọ Látìnì oníbejì sọ ewéko kọ̀ọ̀kan. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń sọ ewéko lórúkọ bẹ́ẹ̀, kí ará Ìdèrè àti ará Íńdíà lè mọ̀ pé ewéko kan náà ni àwọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

ẸGÚSÍ NI OLÙKỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ẹ̀gúsí ní òwúrọ̀, nítorí pé òwúrọ̀ ni òdòdó náà ń là, tí ó bá sì di ọ̀sán, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí pa dé. Yóò rí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí etí rẹ̀ pín sí márùn-ún. Kí ó wá wo ẹ̀yìn òdòdó náà. Àwọn kan wà tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ó gbé wọn dúró: akọ ni ìwọ̀nyí, ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú wọn, àwọn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ yọ. Àwọn mìíràn wà tí ohun róbótó onírun wẹ́wẹ́, bí ọmọ ẹ̀gúsí, wà ní ìdí wọn: ìwọ̀nyí ni ó lè di èso. Oyin ni ó ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo. Bí oyin kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó là, ọmọ róbótó náà yóò rọ, yóò sì já bọ́. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá fín oògùn kòkòrò sí oko ẹ̀gúsí ní òwúrọ̀ ń lé ẹni tí ó ń bá a so èso.

Bí ènìyàn bá ti mọ òdòdó ẹ̀gúsí, ó ti mọ ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú. Elégédé àti ejìnrìn ń tanná bákan náà, pẹ̀lú ọmọ èso ní ìdí abo. Ti akèrègbè ní tirẹ̀ funfun, ìrọ̀lẹ́ ni ó sì ń là.

ÀWỌN ÌDÍLÉ MÌÍRÀN NÍ Ẹ̀YÌN ILÉ

Ilá, òwú àti ìṣápá jẹ́ ọmọ ìyá kan. Láàárín òdòdó wọn ni ọ̀pá kan yọ sókè, tí àwọn olóríi ìyẹ̀fun sì yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ti ilá àti ti ìṣápá a máa ní àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Ata, tòmátì, ìgbá àti tábà wà ní ìdílé mìíràn. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti kórópò ní òdòdó tí ó dà bí labalábá tí ó fẹ́ fò. Ti ewúro àti imí eṣú yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ohun tí a rò pé òdòdó kan ni, àgbájọ òdòdó kéékèèké ni. Ti igi igbá, tí a fi ń ṣe irú, jẹ́ bọ́ọ̀lù pupa tí ó rọ̀ sílẹ̀ lára okùn gígùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdán sì ni ó máa ń bẹ̀ ẹ́ wò lóru. Akòko, tí a ń já ewé rẹ̀ sí olóyè lórí, ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́.

ÀWỌN TÍ Ó LÈ PA NI

Olómi-òjò ni a sábà ń gbìn yí ilé ká nítorí ẹwà rẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín, òdòdó rẹ̀ jẹ́ ìyeyè bí fèrè, omi funfun a sì máa jáde bí a bá ṣẹ́ ẹ. Májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, pàápàá kóró inú èso rẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ ọkàn dúró. Kò yẹ kí àwọn ọmọdé máa fi èso rẹ̀ ṣeré.

Apìkán, tí àwọn mìíràn ń pè ní gẹgẹmu, wà ní ìdílé kan náà pẹ̀lú ìgbá. Kí ó tó tanná, ẹni tí kò fara balẹ̀ lè ṣi ewé rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ òdòdó gígùn bí kàkàkí, tí èso rẹ̀ sì hu ẹ̀gún, kò sí àṣìṣe mọ́. Ó ń da orí ẹni rú, ó sì lè pa ni.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gloriosa superba. Inú igbó ni ó ń hù ní ìgbà òjò, ṣóńṣó ewé rẹ̀ ni ó sì fi ń di igi mú bí ó ti ń gùn. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì ní ìyeyè, ewé òdòdó náà rún, wọ́n sì tẹ̀ sókè bí ọwọ́ iná. Lábẹ́ ilẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé ó ní iṣu. Ní Sri Lanka, a ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n kú nítorí wọ́n ṣi iṣu rẹ̀ mú fún ọ̀dùnkún. Bí òdòdó bá ti gbẹ, kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ń walẹ̀. Ẹni tí ó ti ya àwòrán òdòdó náà, tí ó sì ti sàmì sí ibẹ̀, ni yóò rántí.

Ewéko mìíràn wà tí oko ni ó ń bá jà. Èyí ni ewé tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pè ní Akíntọ́lá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. A gbà pé ó bá irúgbìn igi mẹ̀lánà wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná, tata a sì máa pé jọ lé òdòdó rẹ̀ lórí, kí wọ́n tó kọjú sí ewé ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó bá dá a mọ̀, tí kò sì ṣì í mú fún imí eṣú tí ó kéré sí i, yóò gé e ní ẹ̀bá oko kí ó tó tanná.

BÍ A TI Ń YA ÀWÒRÁN ÒDÒDÓ

Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ ayàwòrán kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà. Lónìí, fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ń yàwòrán, ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo tí ó dára lójú kò tó láti fi dá ewéko mọ̀. Ìlànà rẹ̀ nìyí:

1. Kí a fi aṣọ tí ó rọ̀ nu ojú ẹ̀rọ. Kí a yan òwúrọ̀, tàbí kí ẹnìkan fi agboòrùn ṣíji bo òdòdó, nítorí pé oòrùn ọ̀sán ń pa àwọ̀ rẹ́.
2. Kí a kọ́kọ́ ya gbogbo ewéko náà láti ìdí dé orí, kí a lè rí i bóyá igi ni, tàbí ìtàkùn, tàbí koríko.
3. Kí a ya bí ewé ti tò lára ẹ̀ka, bóyá wọ́n kọjú sí ara wọn tàbí wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a ya iwájú ewé, kí a sì ya ẹ̀yìn rẹ̀.
4. Kí a ya òdòdó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ èso ẹ̀gúsí wà.
5. Kí a ya èso, kóró àti èèpo igi bí wọ́n bá wà.
6. Kí a fi páálí ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán kan, kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó.
7. Bí àwòrán bá ń ṣe bàìbàì, kí a sún sẹ́yìn díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kí a mú sùúrù kí ó rọlẹ̀.

Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko kí a tó wọ oko rẹ̀, kí a má sì wọ igbó òrìṣà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni í.

ÀKỌSÍLẸ̀ NI Ó Ń SỌ ÀWÒRÁN DI Ẹ̀KỌ́

Àwòrán kò lè sọ òórùn. Kò lè sọ orúkọ tí ìyá àgbà pe ewéko náà. Nítorí náà, kí a kọ ọjọ́, ibi tí a ti rí i, irú ilẹ̀ tí ó wà, òórùn rẹ̀, àwọ̀ omi ara rẹ̀, orúkọ tí a ń pè é ní ìlú náà, àti ìlò rẹ̀ sínú ìwé.

Pierre Verger, ará Faransé, tí a bí ní 1902, jẹ́ ayàwòrán kí ó tó di akẹ́kọ̀ọ́ ewé. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni ó ti di babaláwo ní ọdún 1953, tí ó sì gba orúkọ Fátúmbí. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ orúkọ ewé àti ọfọ̀ wọn sílẹ̀, Yunifásítì Ifẹ̀ sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní 1967. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Brazil ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Onochie, ọmọ Nàìjíríà, bá Keay àti Stanfield kọ ìwé lórí àwọn igi Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1960 àti 1964. Ní Jericho, ní Ìbàdàn, ni ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ń pa ẹ̀ka ewéko gbígbẹ mọ́ lórí ìwé, pẹ̀lú orúkọ àti ibi tí a ti já a. Níbẹ̀ ni onímọ̀ ti lè fi èyí tí a mú wá wé èyí tí a ti mọ̀.

Àwọn ètò kan wà lórí fóònù, bí Pl@ntNet àti iNaturalist, tí ó ń dábàá orúkọ fún àwòrán. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe adájọ́. Àwòrán ewéko Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn, nítorí náà wọ́n lè ṣi ti Ìbàràpá mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ewéko tàbí kí ó fi ṣe àgbo nítorí pé fóònù dárúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá sì jẹ ohun tí a kò mọ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá, kí a sì mú ẹ̀ka ewéko náà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ tàbí àwòrán rẹ̀ dání, kí oníṣègùn lè mọ ohun tí òun ń bá jà.

Àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ àwọn ewé wọ̀nyí ń dínkù. Bí ọ̀dọ́ kan bá lọ bá àgbà kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n jọ wo òdòdó kan, tí wọ́n ya á, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ọdún bá fi yí po, ìlú ti ní ìwé ewéko tirẹ̀ nìyẹn. Abèèrè kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Báwo ni a ṣe ń mọ akọ òdòdó ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí abo?
2. Kí ni ó mú kí ilá, òwú àti ìṣápá jẹ́ ìdílé kan?
3. Ilé mélòó ní àdúgbò ni ó gbin olómi-òjò, kí ni ó sì yẹ kí a sọ fún àwọn ọmọ tí ń gbé ibẹ̀?
4. Èwo nínú àwọn òdòdó tí a rí ní ọ̀sẹ̀ yìí ni kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀? Àgbà wo ni a lè bi?