Ta Ló Fún Un Lóyún?

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí obìnrin tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà bá fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọ ilé ìwòsàn aboyún, ohun tó ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé, "Ta ló fún un lóyún?" Wọn kì í bi obìnrin tó jókòó tì í bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, torí ẹsẹ̀ ni àrùn náà mú. Kì í gba ìmọ̀lára lọ́wọ́ ẹni, kì í sì í dí ilé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ lè má mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, nǹkan ọkùnrin sì lè má dìde dáadáa mọ́. Ìtọ́jú wà fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà nírú ipò yìí ṣì ń lóyún.

Èyí tó burú jù ni ti ọmọbìnrin akanda ẹ̀dá tí òbí fi àánú há mọ́lé. Wọ́n á ní, "Kí nìyẹn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin ṣe?" Wọn ò ṣàlàyé nǹkan oṣù fún un, wọn ò sọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Oníṣẹ́ ibi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá tiẹ̀ fẹjọ́ sùn, ará ilé á ní irọ́ ni, ta ló máa fẹ́ sún mọ́ irú ẹ̀? Ẹ̀yin òbí, ohun tí ẹ kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ kọ́ òun náà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí akanda ẹ̀dá bá wá sọ́dọ̀ yín, òun gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n bọ́ síta ná, kí ẹ tó bi í bóyá ó fẹ́ bímọ tàbí ó fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí. Òfin Nàìjíríà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka fífi àbùkù ara ya èèyàn sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ìtanràn 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ẹ̀ka 23 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006, tí Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀, sì fún akanda ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣègbéyàwó, kí wọ́n sì bímọ bó bá ṣe wù wọ́n.

Ó wá ku àwọn àna. Bí ọmọ yín bá mú akanda ẹ̀dá wálé pé òun fẹ́ fẹ́, ẹ wádìí ìwà, ẹ wádìí iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá AA ni tàbí AS, bí ẹ ṣe máa ṣe fún ẹlòmíràn. Ẹ má bi ọmọ yín bóyá wọ́n fi oògùn mú un ni. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é nínú yàrá, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni. Ẹ bá wọn wá ilé tí kò ní àtẹ̀gùn.