Bí A Ṣe Ń Múra Ilé Sílẹ̀ De Òjò ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ onílé tó bá ní kí n bá òun wá ayálégbé, péńtì ni wọ́n máa ń sáré lọ rà. Wọ́n á kun ilé, wọ́n á gbá àyíká, wọ́n á ní kí n máa mú èèyàn bọ̀. Ojú ayálégbé ti là báyìí. Bó bá wọ yàrá, òkè ló ń gbójú sí, ó ń wá ibi tí síìlì ti pọ́n. Á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ó tutù. Á lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ yọjú wo kànga. Kó tó kúrò ládùúgbò, á ti ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá tó jókòó síta, á sì ti bi wọ́n léèrè: “Mà, ṣé omi kì í wọlé níbí? Iná ńkọ́?” Ohun tí ìyá yẹn bá sọ ló máa gbà gbọ́. Tèmi tí mo jẹ́ ajẹ́ǹtì, ó mọ̀ pé owó iṣẹ́ mi ni mò ń wá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn onílé tó gbé ilé lé mi lọ́wọ́ pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, pé wọn ò sì lè dá a ṣe láìsí ará àdúgbò. Ní Ìbàdàn níbí, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta, ó di Oṣù Kẹwàá kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, bí a bá yọ ìsinmi ráńpẹ́ tó máa ń ṣe nínú Oṣù Kẹjọ kúrò. Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì la ní láti fi ṣiṣẹ́. Ọyẹ́ á ti gbẹ igi òrùlé, ògiri á ti sán níbi tó bá fẹ́ sán, gbogbo àléébù á ti fojú hàn.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, kí ẹ sì pa tọ́ọ̀ṣì yín. Ibi tí páànù bá ti lu, bó ti wù kó kéré tó, ìmọ́lẹ̀ á yọ níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó bá sún mọ́ ọn kí káfíńtà tó dé. Ẹ má wulẹ̀ wá ihò náà sí ọ̀gangan ibi tí síìlì ti pọ́n, torí omi máa ń bá igi rìn. Ó lè wọlé lókè téńté, kó tọ igi wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kó tó rí orí ìṣó kan tó máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Láti ibi tí síìlì ti pọ́n, ẹ tọ ipa rẹ̀ gòkè. Igi tí omi ti ń gbà kọjá máa ń dúdú, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

Bí páànù bá ti pẹ́ lórí ilé, ìṣó ló sábà máa ń fa jíjò. Rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ti gbẹ lójú oòrùn, ó ti fọ́. Káfíńtà tó ń kánjú á kàn fi òòlù gbá ìṣó náà wọlé padà, á gbowó, á lọ. Ìṣó yẹn á tún yọrí, torí ihò tó wà lára igi ti fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ ní kó yọ ọ́ dànù, kó fi èyí tó nípọn tó sì gùn jù ú lọ, tó ní rọ́bà tuntun, sí ojú ihò náà, kó wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí páànù yí orí rẹ̀ ká. Kí ẹ máa wò ó bó ti ń rìn lókè. Orí ibi tí igi wà lábẹ́ ni kó máa gbẹ́sẹ̀ lé. Bó bá ń tẹ àárín páànù, ihò kan ló ń dí, méjì ló ń lu.

Ilé ayé òde òní tí wọ́n mọ ògiri yí òrùlé rẹ̀ ká, tí èèyàn kì í rí páànù láti ìsàlẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ó gbayì lójú, àmọ́ gbogbo omi orí rẹ̀ ń wọ́ lọ sínú kòtò kan lẹ́yìn ògiri yẹn, páìpù bíi méjì péré ló sì máa ń gbé e wálẹ̀. Ìwọ̀nba ewé máńgòrò ti tó láti dí wọn. Èmi ò fẹ́ràn irú òrùlé bẹ́ẹ̀ nílùú olójò bíi tiwa, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ ná, kó rán èèyàn gòkè lọ kó ewé ní Oṣù Kejì, kó tún rán an lọ kí Oṣù Kẹjọ tó dé.

Ẹ̀yin tí ilé yín ti pẹ́, pàápàá lápá Bódìjà àtijọ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ẹ kíyè sí síìlì yín. Bó bá jẹ́ asbestos, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kó fọ́ ọ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín dáadáa, kí ẹ yọ ọ́ ní odindi, kí ẹni tó ń yọ ọ́ sì bo imú.

Ó wá kan ògiri. Gbogbo sísán kọ́ ló léwu. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, ara ìrẹ́ ògiri ló mọ sí, bíríkìlà á rẹ́ ẹ pa. Èyí tí ẹ bá rí tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì ń fẹ̀ sí i bó ti ń lọ, ẹ má tíì rẹ́ ẹ. Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà síbi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá ti ré ìlà yẹn kọjá lẹ́yìn oṣù méjì, ìpìlẹ̀ ló ń rìn, ẹńjiníà lẹ máa pè. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Níṣẹ́ tiwa, ikán ni kí ẹ bẹ̀rù ju aláǹgbá lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri yí ká bóyá ẹ máa rí ìlà amọ̀ tóóró tó ń gùn ún lọ sókè. Igi ìdáná àti pákó tí ẹ fi ti ògiri, ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀ lónìí.

Bí ìsàlẹ̀ ògiri bá ń tutù, tí péńtì ibẹ̀ ń ṣí bí èèpá, àwọn kan á ní kí ẹ lẹ táìsì bò ó. Ẹ má gbà. Omi tó wà nínú ògiri á gba ẹ̀yìn táìsì gòkè, á tún yọ lókè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá: páìpù ilé ìwẹ̀ tó ń jò nínú ògiri, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ síta títí tó fi ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, tàbí omi òrùlé tó ń já sí ẹsẹ̀ ilé lójú kan náà látọdún dé ọdún. Kíkó iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò ò ná yín ní nǹkan kan ju òógùn lọ.

Kànga àti sókàwéè ni mo tún máa ń yẹ̀ wò kí n tó gba ilé kan. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí mítà 30, ó kéré tán, wà láàárín wọn. Ẹ wá wo ilẹ̀ tiwa. Ẹ jẹ́ ká ní púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró. Òòró yẹn ò ju nǹkan bíi mítà 36 lọ. Bí kànga yín bá wà ní igun kan, tí sókàwéè yín wà ní igun òdìkejì, ó ṣeé ṣe kó tó. Ṣùgbọ́n sókàwéè aládùúgbò ńkọ́, èyí tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì gan-an, tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí kànga yín? Ẹ lọ kí wọn nírọ̀lẹ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí tiwọn wà, kí ẹ sì fi tiyín hàn wọ́n. Ẹ lọ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tuntun, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ á di ìjà. Ibi tí àyè ò bá ti gbà, ẹ máa se omi kànga kí ẹ tó mu ún, kí ẹ kọ́ ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ, kí ẹ sì dé e.

Gọ́tà ló kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. A ò lè sọ̀rọ̀ òjò ní Ìbàdàn ká má rántí 31 Oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló tún rí ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, tí omi gbé ilé àti afárá lọ, tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì dáadáa. Ìparí Oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ọ̀rọ̀ gọ́tà torí pé òjò ti dákẹ́ díẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé nígbà tí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá ń rọ̀, kí wọ́n mú agbòjò, kí wọ́n tọ gọ́tà láti orí òkè àdúgbò dé ibi tó ti wọ odò. Ẹ máa wo ibi tí omi ti ń dúró. Níbi púpọ̀, iwájú géètì ẹnì kan ni. Onílé yẹn fẹ́ kí mọ́tò òun ráyè wọlé, ó da kọnkéré lé gọ́tà lórí, ó fi páìpù kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ kí omi máa gbà á. Páìpù yẹn ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti yanrìn ń dí. Omi á padà sẹ́yìn, ilé tó wà lókè rẹ̀ ló máa wọ̀, ẹni tó fi páìpù síbẹ̀ ò sì ní mọ nǹkan kan.

Ẹ má bá onílé yẹn jà lójú títì. Ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, kí ẹ jẹ́ kí alága mú àgbàlagbà méjì dání lọ rí i. Ohun tí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó fọ́ kọnkéré yẹn, kó fi siláàbù tó ṣeé ṣí rọ́pò rẹ̀, kí gọ́tà abẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìyókù. Bó bá ní òun ò lówó, ó máa ń dẹrùn kí àdúgbò dá owó sìmẹ́ǹtì kí òun san owó bíríkìlà. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ níbi tí lẹ́tà lọ́yà ò ti tu irun kankan.

Bí ẹ bá wá jáde kó gọ́tà, ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó jáde ò gbọdọ̀ sùn sí etí rẹ̀. Òjò kan péré á gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Ẹ ti bá onítípà sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, kó lè dé nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí lọ. Ẹ tún un kó láàárín Oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé àdúgbò, mo mọ̀ pé ó máa ń sú èèyàn. Wọ́n á ní aago mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní márùn-ún ààbọ̀, ọ̀rọ̀ owó ọdẹ á gba gbogbo àkókò. Ẹ máa lọ ṣáá. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó ń gbé ilé kejì yín àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní 16 Oṣù Kìíní 2024, ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà, ó pa èèyàn, ó sì wó ilé lulẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti ń mú ayálégbé tuntun lọ kí alága kó tó kó ẹrù wọlé, mo sì ń kọ irú ohun tí kò gbọdọ̀ kó sínú ilé sínú ìwé àdéhùn: gáàsì títà, epo bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì, ohun tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta.

Onílé tó ń lọ sípàdé náà ló máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa tiransifọ́mà. Láti Oṣù Kẹrin 2024 tí owó iná ti gbówó lórí fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ayálégbé ń bi mí ni pé band wo ni àdúgbò wà. Ẹ sọ òótọ́ fún mi kí n lè sọ òótọ́ fún un. Ẹni tó bá gba ilé nítorí irọ́ iná ò ní pé ọdún kejì.

Péńtì wá kù. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá méjì rọ̀ ná, kí ẹ tún wọ inú àjà, kí ẹ wo síìlì àti ẹsẹ̀ ògiri. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ pe péńtà wá kun inú ilé. Ìta ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí eruku ọyẹ́ ò tíì dé. Ibi tí ewé tútù bá ti hù sára ògiri, kí péńtà kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi tí ẹ bu Hypo sí fọ̀ ọ́, kó fi omi lásán ṣàn án, kó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Bó bá kun ún lórí ewé yẹn, owó yín á ti wọlẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.