Òṣùká Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Gbogbo wa la mọ òṣùká. Bí a bá fẹ́ ru ẹrù, a ó ká aṣọ, a ó fi sórí, kí ẹrù má baà dun orí. Irú òṣùká bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa pẹ̀lú, láàárín eegun kan sí èkejì. 23 ni wọ́n. Òde wọn yi bí awọ. Inú wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Nígbà mìíràn òde òṣùká yìí a ya, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ a sì yọ síta. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀ gbà kọjá. Ìrora a wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, a gba itan, a dé ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn a ní ayé ló ta òun lọ́fà. Kì í ṣe ọfà o.

Kí ló ń fà á? Ní 1934, Mixter àti Barr, oníṣègùn méjì ní Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ohun tó yọ yìí ló ń tẹ iṣan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Òṣùká ẹlòmíràn yọ, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ní 1993, Olmarker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden mú ohun rírọ̀ inú òṣùká ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fi lé iṣan ẹlẹ́dẹ̀ náà láìtẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ iṣan náà bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun rírọ̀ náà ní àwọn ońṣẹ́ nínú. Purotéènì kéékèèké ni wọ́n. À ń pe ọ̀kan ní TNF, à ń pe àwọn mìíràn ní interleukin. Wọ́n ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pé, "Ẹ wá o, nǹkan ti bàjẹ́ níhìn-ín!" Ibẹ̀ a wú, iṣan a di ẹlẹgẹ́, nǹkan kékeré a sì máa dùn ún.

Ṣùgbọ́n àwọn ońṣẹ́ yìí kan náà ló ń pe agbálẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wá yóò máa jẹ ohun tó yọ náà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yá láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, láìsí iṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, bí ó bá ṣe wá, ẹ má jẹ́ kí a dùbúlẹ̀ ṣáá; ká máa rìn níwọ̀nba. Ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun wá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú tipiri, bí a kò bá lè tọ̀, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìmọ̀, ká má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè
1. Kí ni àwọn ońṣẹ́ inú òṣùká ń ṣe tí ó burú? Kí ni wọ́n ń ṣe tí ó dára?
2. Ìgbà wo ni a kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la?