Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Wọn Kò Ṣe É Mọ́, Ṣùgbọ́n Ó Ṣì Ń Ṣiṣẹ́

Ohun tí ẹ ó kọ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń lo mọ́, ṣì àti tíì. Ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń ro ọ̀rọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí a tó ṣe ìpinnu. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí kámẹ́rà fídíò àtijọ́: ṣé kí a máa lò ó lọ ni, àbí kí a ra tuntun?

Àyọkà

Kámẹ́rà tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń pè ní MiniDV bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1995. Òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ya fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kò ṣe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo inú àpótí ní ilé àwọn òbí yín, bóyá ẹ ó rí ọ̀kan níbẹ̀. Kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó fi í ṣe, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkínní: kí ni ẹ fẹ́ fi kámẹ́rà náà yà? Bí ó bá jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún kíláàsì Yorùbá ni, fóònù òde òní dára jù ú lọ. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju ti MiniDV lọ, ẹ sì lè fi fídíò náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín lójú ẹsẹ̀.

Èkejì: kí ni kámẹ́rà náà nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́? Bátìrì máa ń gbó, kódà bí a kò bá lò ó. Ṣùgbọ́n bí wáyà iná rẹ̀ bá ṣì wà, a lè lo kámẹ́rà náà láìsí bátìrì. Wáyà tó ń gbé fídíò lọ sínú kọ̀ǹpútà ni ìṣòro ńlá. FireWire ni wọ́n ń pè é, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ojú ihò rẹ̀ mọ́. Ẹ lè wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní in, ó lè wà nílé ìkàwé tàbí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: kí ló wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì? Kámẹ́rà àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń ya fídíò nìkan. Òun náà ni a fi ń wo ohun tí a ti yà. Bí ẹ bá jù ú nù, kásẹ́ẹ̀tì yóò wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló lè fi gbogbo kásẹ́ẹ̀tì hàn. Ní Nàìjíríà àti Bìrìtéènì, ètò PAL ni wọ́n ń lò nígbà ayé àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, NTSC ni, nǹkan bí àwòrán 30. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà ní Ìbàdàn lè má hàn dáadáa nínú kámẹ́rà tí wọ́n rà ní Houston. Kámẹ́rà tó bá a wá láti ilé lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó lè ṣí i.

Ìdáhùn wa nìyí: ẹ fi tuntun ya ohun tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta ti àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn kásẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ fà á sí ibi tí wọ́n kọ SAVE sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ya nǹkan mìíràn lé e lórí. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú lára tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀, ó ti bu nìyẹn. Ẹ má ki í bọ kámẹ́rà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan gba wákàtí kan láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì gba àyè bíi 13 GB. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà sí ibi méjì.

Ìjíròrò

Ìyá: Kámẹ́rà yìí ti di ti àtijọ́. Wọn ò ṣe é mọ́. Jẹ́ kí n jù ú nù.

Ọmọ: Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jù ú nù. Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

Ìyá: Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bí a bá ki í bọ iná. Bátìrì rẹ̀ ló ti kú.

Ọmọ: Kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí, mà?

Ìyá: Ìsọmọlórúkọ rẹ ni, ní Ìbàdàn. Màmá àgbà ń kì ọ́ níbẹ̀.

Ọmọ: Ohùn màmá! Ṣé a ní in níbòmíràn?

Ìyá: Rárá o. Inú ibẹ̀ nìkan ló wà.

Ọmọ: Fóònù ni mo máa fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì mi. Ẹ bá mi tọ́jú kámẹ́rà yìí títí a ó fi ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn.

Ìyá: O káre, ọmọ mi. Mi ò ronú débẹ̀.

Gírámà

Mọ́ máa ń wá lẹ́yìn kò, ní ìparí gbólóhùn. Ṣì máa ń wà ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí wé ara wọn:

Wọn kò ṣe kámẹ́rà náà mọ́. Ilé-iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró ni.
Kámẹ́rà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ti bàjẹ́ ni.
Kámẹ́rà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò tíì bàjẹ́.

Ìyá nínú ìjíròrò wa fẹ́ fi gbólóhùn èkínní ṣe èkejì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi bi í ní ìbéèrè. Ẹ ṣọ́ra o: mọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn méjèèjì lè pàdé nínú gbólóhùn kan: Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí nìdí tí ìyá fi fẹ́ ju kámẹ́rà náà nù? Kí ló yí ọkàn rẹ̀ padà?
2. Ẹ fi mọ́, ṣì àti tíì kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun èlò kan tó wà nílé yín.
3. Ẹ bi òbí tàbí àgbàlagbà kan léèrè bóyá ó ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ohùn ta ló wà nínú rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá.
4. Àwọn àgbà ní: «Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó bí àgbà, kò lè ní àkísà tó bí àgbà.» Nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ni aṣọ? Kí ni àkísà? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.