Ẹ̀kọ́ fún Ọlọ́kọ̀: Páànù Tí Ń Dí Ooru Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, afẹ́fẹ́ tútù ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná láti 30 dé 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwúwo rẹ̀ yóò dín ní ìdá 9 nínú 100. Agbára ọkọ̀ yóò sì dín kù. Kí ẹni tí ń fi ọkọ̀ jẹun ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tó yá owó ẹgbẹ́ nítorí èyí, kí ó kọ́kọ́ ṣe báyìí:

1. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tú wáyà bátìrì. Ẹ fi páálí wọn àyè tó wà láàrin fítà afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì.

2. Ẹ gé páànù bí páálí náà ti rí. Ẹ ká etí rẹ̀, kí ó má baà gé wáyà.

3. Ẹ fi bóòtì dè é. Kò gbọdọ̀ kan bátìrì, bẹ́líìtì tàbí páìpù epo, kò sì gbọdọ̀ dí ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

4. Ẹ má fi aṣọ tàbí ike ṣe é, nítorí iná.

5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bóòtì náà fún.

Ẹ rántí pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn ni èrè rẹ̀ pọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni yóò gbóná. Bí omi rẹ̀díétọ̀ bá ń hó, páànù kò lè wò ó. Ẹ tọ mẹkáníìkì lọ.